Nùrúdíìnì àti Ilẹ̀ Tí Àgbọn Rẹ̀ Kì í Ṣe Tirẹ̀

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, láti orí dé ìrù. Bí mo bá fi irọ́ kan ṣoṣo kún un, kí àgbọn já lù mí lórí lọ́jọ́ tí ewé kankan ò mì. Èmi tí mo fi bébà tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, tí àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga sì ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ lónìí, kí ni mo fẹ́ fi irọ́ ṣe? Ẹni tí òótọ́ kún àpò rẹ̀ kì í yá irọ́ ná.

Ọkùnrin kan ń gbé ní Gbaji, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, Nùrúdíìnì Akíndé lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ó ti dàgbà. Bó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ á máa gbọ̀n; bó bá dúró, á máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ walẹ̀. Safiyat, ìyàwó rẹ̀, sọ fún mi pé láti ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti fẹ́ òun, òun ò tíì rí i kó jẹun tán lórí ìjókòó kan. Òkèlè méjì, á dìde lọ wo màlúù. Òkèlè mẹ́ta, á dìde lọ wo ojú ọ̀run, bí ẹni pé òun ló ni ín.

Inú ìlú Àgbádárìgì ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ láàárín ibẹ̀ àti Kútọnu, ṣùgbọ́n aṣọ ò wu Nùrúdíìnì, nítorí aṣọ kì í rìn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í da màlúù ẹlẹ́màlúù wá láti ẹnubodè. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi so ẹran ẹlẹ́ran mọ́lẹ̀, tó fún un lómi, tó sì wo etí rẹ̀ mọ èyí tí inú ń run. Wọ́n ní bó bá wo màlúù lójú lẹ́ẹ̀kan, á sọ iye kílò tó wà lára rẹ̀, á sì yọ awọ àti ìwo kúrò níbẹ̀ kó tó dá ọ lóhùn. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò fi ìka kan ṣì í.

Díẹ̀díẹ̀ lòun náà fi kó tirẹ̀ jọ. Ó di màlúù méje. Méje péré ni o, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Olórí wọn ni abo funfun kan tó ń jẹ́ Arẹwà, tó máa ń rìn bí ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ ilé ọkọ, tí kò sì kánjú nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ilé onílé ló so wọ́n mọ́. Lọ́jọ́ kan, onílé dé, ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀.

"Nùrúdíìnì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fún ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ tó ń tẹ́ ilẹ̀ á wọlé, kò sì mọ màlúù yàtọ̀ sí òkúta."

Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Bí kò bá rí ilẹ̀ tirẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, alápatà ni yóò kó màlúù méjèèje ní ìdajì owó, Nùrúdíìnì yóò sì padà sídìí ẹran ẹlẹ́ran títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ohun tó ń fẹ́ kò ju ibi kan tó lè sọ ọgbà yí ká, tí yóò máa sin màlúù láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó di Kankon. Ajẹ́ǹtì ilẹ̀ kan pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀gbẹ́ títì lẹ fẹ́ àbí inú?"

"Inú."

"Inú tó jìn?"

"Inú tó jìn débi tí ẹ̀yin fúnra yín ò dé rí."

Ajẹ́ǹtì pe iye. Nùrúdíìnì wo owó tó ní, ó wo iye tí wọ́n pè, ó rí i pé owó òun lè ra ibi tí màlúù kan máa dùbúlẹ̀ sí, bí kò bá na ẹsẹ̀.

"Ẹ kúkú máa sin ewúrẹ́," ni ajẹ́ǹtì wí, ó sì fi ìgò ojú rẹ̀ pamọ́.

Báyìí ló ṣe ń lọ, tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, ìkejì tẹ̀ lé e. Ó dé ibi tí kò sí ọ̀nà, ó dé ibi tí ọ̀nà wà tí kò sí ilẹ̀. Taya ọ̀kadà rẹ̀ jẹ tán, ó pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó pààrọ̀ náà tún jẹ tán. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó bá ara rẹ̀ ní èbúté Àgbádárìgì, ó ń rìn sókè sódò lójú omi. Dosu ló rí i. Ọmọ Ègùn ni Dosu, òun ló ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láàárín èbúté àti Gberefu, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń rìn kiri bí adìẹ tí ẹyin mú?"

"Ilẹ̀ ni mò ń wá."

"Ẹ̀yin ará títì, ojú títì nìkan lẹ mọ̀. Ẹ gbójú sókè." Dosu nawọ́ sí òdìkejì ọ̀sà, níbi tí igi àgbọn ti dúró bí irun orí, tí òkun ń bú lẹ́yìn wọn. "Gberefu nìyẹn. Koríko wà, ilẹ̀ wà, owó ilẹ̀ ò sì tíì gun ọkọ̀ débẹ̀."

"Báwo ni màlúù á ṣe débẹ̀?"

"Ọkọ̀ ta ni mò ń wà?"

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Dosu gbé e sọdá, tó mú un lọ bá Ọláwọlé. Ọláwọlé yìí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó kàn wálé lọ́jọ́ náà ni; bàbá rẹ̀ tó kú ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un, ó sì fẹ́ tà á kíákíá. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó pulọ́ọ̀tì mẹ́wàá. Koríko ibẹ̀ dé orúnkún, igi àgbọn tò sórí ẹ̀ gátagàta. Iye tí Ọláwọlé pè, ìdajì pulọ́ọ̀tì kan ni ní Kankon.

Ẹ dúró kí n là yín lọ́yẹ̀ níbí. Ọmọ Àgbádárìgì tó bá ti lè di okùn ṣòkòtò ara rẹ̀ ló mọ̀ pé ìbéèrè mẹ́ta lèèyàn ń bi kó tó ra ilẹ̀ létí òkun. Ta ló ni ilẹ̀? Ta ló ni àgbọn? Níbo ni omi mímu wà? Nítorí lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbin àgbọn ló ni àgbọn, ì báà jẹ́ orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ló gbìn ín sí. Ọmọ onílẹ̀ á jogún iyanrìn, ọmọ alágbọn á jogún igi, kálukú á sì máa wọlé wá mú tirẹ̀.

Nùrúdíìnì mọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lè kà wọ́n lójú oorun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń jó o bí iná. Ó bi àkọ́kọ́, wọ́n fi ìwé hàn án, àwọn ará ilé Ọláwọlé jẹ́rìí sí i. Kò dúró bi ìyókù.

"Ẹ̀gbọ́n," Ọláwọlé ní, "ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ fẹ́ béèrè?"

"Kò sí. Níbo ni kí n tọwọ́ bọ̀?"

Ọláwọlé wò ó, ó wo àwọn àgbọn, ó sì na ìwé sí i. Ẹ má pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tí a ò bi léèrè ò jẹ̀bi ìdákẹ́.

Kí owó tó pé, Nùrúdíìnì ta ọ̀kadà rẹ̀, Safiyat náà ta fìríìjì ńlá tó fi ń ta omi tútù. Ọjọ́ tí wọ́n gbé fìríìjì lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ títí ó fi wọ́ lọ.

"Bàbá Mukhtar," ló pe ọkọ rẹ̀, nítorí Mukhtar ni àkọ́bí wọn, "ilẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ tù mí lára ju fìríìjì mi lọ o."

Ìrìn àjò màlúù láti sọdá ọ̀sà, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Mẹ́fà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ku Arẹwà nìkan. Ọkùnrin márùn-ún ló tì í wọ inú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì ọ̀sà, Arẹwà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì wọ inú omi gbàmù! Omi tó ta sókè lọ́jọ́ yẹn, ẹja mẹ́rin ló bá a wá sínú ọkọ̀.

"Yéè! Màlúù mi!" Nùrúdíìnì ti bọ́ bùbá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ fẹ́ dojú ọkọ̀ dé!" Dosu kígbe. "Ẹ wò ó, ṣé ó jọ ẹni tó fẹ́ kú?"

Arẹwà kò jọ ẹni tó fẹ́ kú. Orí rẹ̀ wà lókè omi, ìwo rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ń wẹ̀ lọ bí ẹni tí àna ránṣẹ́ pè. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa gúnlẹ̀, ó ti jẹ koríko yó, ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ní Gbaji, ẹ̀rọ wọlé lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ àgbàlá náà pẹrẹsẹ. Kò sí ilé àtipadà mọ́.

Nùrúdíìnì fi ọparun àti imọ̀ àgbọn ṣe ọgbà yí gbogbo ilẹ̀ náà ká. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é, iṣẹ́ tó yẹ kí ọkùnrin mẹ́ta fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe. Ó wá kan omi. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga. Ilẹ̀ iyanrìn, ó rọ̀. Nígbà tí kòtò dé àyà rẹ̀, omi díẹ̀ ṣẹ́ jáde, ó rú, kò kún ife kan. Nùrúdíìnì pòṣé. Ní Gbaji, kànga tó bá jìn ló ń dára, ohun tó fi dàgbà nìyẹn. Kò dúró, kò tọ́ ọ wò. Ó gbẹ́ ẹ lọ títí ó fi jìn ju òun méjì lọ, omi sì tú jáde yàà.

"Alhamdulilahi!" Ó bu ú, ó mu ún, ó tu ú dànù. Omi òkun ni. Ó bu díẹ̀ fún Arẹwà. Arẹwà fimú fín in, ó sì wo olówó rẹ̀ bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ọbẹ̀ tí iyọ̀ já lé.

Ó gbẹ́ òmíràn, ó tún kọjá omi kékeré tó rú, ó tún bá iyọ̀. Ó gbẹ́ ìkẹta. Ọ̀kan náà ni. Ọkọ̀ Dosu ló wá ń bá a kó omi láti èbúté láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, màlúù sì ń mu bí ẹni tó jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ̀gbọ́n," Dosu ní, "bí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, màlúù yín á mu ara wọn tán."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Owó ọkọ̀ tó kù lọ́wọ́ Nùrúdíìnì ò ju ti ọjọ́ mẹ́wàá lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Ìyá Sènámì dé. Ìyá arúgbó Ègùn kan ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì nàró ṣánṣán bí ọ̀pá. Àwọn ọkùnrin agunàgbọn méjì tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́nu ọgbà, ó fi àdá kan ọparun, kò, kò, kò.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi mọ́ mi?"

Nùrúdíìnì sáré jáde. "Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ilé ìdáná ta ni? Mo ra ibí yìí. Ìwé wà lọ́wọ́ mi."

"Mú ìwé náà wá. Ṣé wọ́n kọ àgbọn síbẹ̀?"

Nùrúdíìnì gbójú sókè wo àwọn àgbọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Àgbádárìgì ni mí, Ìyá."

"Ọmọ Àgbádárìgì! Ká ní ọmọ òkè ọya ni ọ́, ǹ bá forí jì ọ́. Ìyá ọkọ mi ló gbin ìdajì àgbọn wọ̀nyí, èmi àti ọkọ mi la gbin ìyókù. Ọmọ Àgbádárìgì wá ra ilẹ̀ létí òkun, kò bi alágbọn!"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, Arẹwà rọra kọjá lẹ́yìn wọn, ọ̀mùnú àgbọn tútù kan wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ ìpápánu. Ìyá Sènámì gbàgbé ọkùnrin náà, ó wọlé, ó ka gbogbo ọ̀mùnú tó ti gbìn síwájú òjò. Mẹ́tàdínlógún ni màlúù ti jẹ.

"Ọ̀tunla ni ìpàdé ìlú," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ. "Bí baálẹ̀ bá ti gbọ́ ẹjọ́ yìí tán, bí màlúù rẹ ṣe wẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín á ṣe wẹ̀ padà."

Ó yí padà, ó lọ. Nùrúdíìnì pe Ọláwọlé lórí fóònù.

"O ò sọ fún mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ lẹ rà. Ṣé mo gba owó àgbọn lọ́wọ́ yín ni? Mo sì bi yín pé ṣé kò sí nǹkan mìíràn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láti etí òkun dé etí ọ̀sà, láti etí ọ̀sà padà sí etí òkun. Bí ìpàdé bá lé e, ibo ló fẹ́ kó màlúù méje gbà? Ó rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi la iyanrìn. Ọ̀nà yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn ará Gberefu ń gbà á lọ sídìí òkun, wọn ò mọ ẹni tó là á.

Lọ́jọ́ kejì, Safiyat gbé oúnjẹ sọdá wá. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìrìn, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń kọjá lọ, ó gbọ́ ìyókù bó ṣe ń kọjá bọ̀.

"Bàbá Mukhtar, ẹ jókòó."

"Mi ò lè jókòó."

"Ẹ kúkú dúró, kí n lè rí ojú yín. Kí lẹ fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?"

"Kí ló kù tí mo ní?"

Safiyat ń wo koríko. Níbi tí màlúù ti ń sùn, tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, koríko dúdú mìnìjọ̀, ó yọrí ju ti ibòmíràn lọ. Níbòmíràn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Iyanrìn yìí, ebi ń pa á," ló wí. "Ẹ wá àpò."

Wọ́n di ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ kún àpò mẹ́rin. Nùrúdíìnì ru méjì lórí, ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà, ó padà wá gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún fi í sílẹ̀. Ìyá Sènámì jókòó síwájú ilé, ó ń bó àgbọn. Nùrúdíìnì dọ̀bálẹ̀, Safiyat kúnlẹ̀.

"Kí ló wà nínú àpò?"

"Ìyá... ìgbẹ́ ni."

Ọwọ́ ìyá dúró lórí àgbọn. Ó wo àpò, ó wo Nùrúdíìnì.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Màlúù rẹ jẹ àgbọn mi, o wá dá a padà lẹ́yìn tó ti gba inú rẹ̀ kọjá?"

Safiyat fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín gbé e lọ́fun. Ìyá Sènámì wò ó, ó gbìyànjú kí òun má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí àwọn ará ilé kejì fi jáde wá wò. Nùrúdíìnì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá," Safiyat ní, nígbà tó rí ohùn, "ẹ wo ibi tí màlúù ń sùn. Ẹ wo koríko ibẹ̀. Bí koríko bá lè dúdú bẹ́ẹ̀, àgbọn ńkọ́?"

Ìyá Sènámì tọwọ́ bọ àpò, ó fọ́ ìgbẹ́ náà láàárín ìka, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọkọ mi máa ń ri ẹja jíjẹrà sídìí wọn. Láti ìgbà tó ti lọ, igi tó ń so ọgọ́rin ń so ọgbọ̀n." Ó nu ọwọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, níbo ni màlúù rẹ ti ń rí omi mu?"

"Ọkọ̀ Dosu ló ń gbé e wá."

"Lórí ilẹ̀ yẹn? Mú mi lọ wo kànga rẹ."

Nígbà tó bẹjú wo kànga àkọ́kọ́, ó jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ta ló ń lé ọ? Níbí, omi dídùn ló wà lókè, omi iyọ̀ ló wà nísàlẹ̀, bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. O dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, o sì kọjá lọ. Lẹ́ẹ̀mẹta!"

Ó mú un lọ sídìí àgbọn tó dàgbà jù, èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbìn. Nùrúdíìnì gbẹ́ ẹ. Nígbà tó dé àyà, omi díẹ̀ ṣẹ́ jáde, ó rú. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé ṣọ́bìrì sókè. Ìyá Sènámì na àdá, ó fi dá ṣọ́bìrì dúró.

"Jáde. Jókòó."

"Ìyá, kò tíì tó..."

"Mo ní kí o jókòó."

Nùrúdíìnì jókòó létí kòtò. Orúnkún rẹ̀ gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ti ọ̀tún mú, ó fi ti òsì di ti òsì mú. Omi ń ṣẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dé agbede ojúgun. Oòrùn kúrò lórí igi kan, ó bọ́ sórí èkejì. Safiyat sọ fún mi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí òun rí i tí orúnkún rẹ̀ gbọ̀n títí, tó rẹ̀ ẹ́, tó sì dúró. Omi náà toro. Ìyá Sènámì fi èpo àgbọn bu ú fún un. Ó mu ún, kò tu ú dànù. Ó bu òmíràn. Arẹwà fi orí tì í kúrò létí kànga kó tó bu ìkẹta.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Ìyá Sènámì dìde níwájú baálẹ̀, ó ní ẹjọ́ ti tán nílé. Ọgbà náà dúró, ṣùgbọ́n géètì wà lápá ọ̀dọ̀ ìyá, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Ìgbẹ́ màlúù ń lọ sídìí àgbọn rẹ̀. Nùrúdíìnì sì gbẹ́ ihò mẹ́tàdínlógún fún ọ̀mùnú tuntun. Nítorí pé ẹni tó gbin àgbọn ló ni ín, Ìyá Sènámì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí Nùrúdíìnì tó bo iyanrìn mọ́ ọn. Nígbà tó parí, ó yọ ọ̀kan jáde lábẹ́ ìró, èyí kejìdínlógún, ó gbé e fún Nùrúdíìnì. Nùrúdíìnì gbé e sínú ihò, ó dúró, ó ń retí ọwọ́ ìyá.

Ìyá Sènámì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Bò ó," ló wí. "Kí ló ń dá ọ dúró lónìí?"

Màlúù ti di mọ́kànlá báyìí. Nùrúdíìnì ò tíì yí padà o. Á máa rìn láti etí òkun dé etí ọ̀sà, á máa wo ilẹ̀ ọwọ́ òsì bóyá wọ́n á tà á. Ṣùgbọ́n ó ti bi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípa rẹ̀. Ìdí kànga nìkan ló ti ń jókòó.

Bí ẹ bá rò pé mo fi nǹkan kún un, ẹ lọ sí èbúté Àgbádárìgì, ẹ béèrè Dosu ọlọ́kọ̀. Ó wà láàyè, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bi í nípa màlúù tó wẹ̀ sọdá, ṣùgbọ́n ẹ jókòó kí ẹ tó bi í, nítorí ẹja tó sọ pé ó fò wọ ọkọ̀ òun lọ́jọ́ yẹn ju mẹ́rin tèmi lọ dáadáa.